Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Àpáta

Ọjọ́ tí Gbádébọ̀ gbọ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun ń jó bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ ẹyin iná, ó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín sétí ìgbọ́ ẹnikẹ́ni o. Yàrá ló wọ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tó wà lábẹ́ òkúta ẹnu ọ̀nà Dáramọ́lá kò ní béèrè ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Òun fúnra rẹ̀ ló sin ín síbẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ni, gbogbo ilé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, oòrùn sì mú ganrínganrín. Ó gbé òkúta náà sókè, ó gbẹ́ ilẹ̀ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ó ti ohun tí Jẹ́jẹ́ olóògùn fún un bọ̀ ọ́. Aṣọ dúdú ni wọ́n fi dì í. Ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, ó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni Jẹ́jẹ́ sọ: “Ẹni tí o bá dárúkọ, bó bá ti tẹ̀ ẹ́, ulẹ̀ á di uná fún un.”

Ẹsẹ̀ ni Gbádébọ̀ sì fẹ́, kò fẹ́ ẹ̀mí. Ní agbo ilé Ìsàlẹ̀-Àpáta ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí ènìyàn ti lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó máa wo òkè Olósùnta lókèèrè, ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń jẹ olórí ẹbí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn ilé wọn tí àwọn ìyá máa ń sá láfún lé. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ olórí gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà lọ́sàn-án gangan, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó rìn láti etí àpáta kan dé èkejì, àlọ àti àbọ̀, lẹ́ẹ̀meje. Bó bá tiro, wọ́n á ní kó lọ jókòó. Bó bá sáré, wọ́n á ní kó lọ jókòó. Bó bá tilẹ̀ fajú ro, wọ́n á ní àwọn baba kò fẹ́ ẹ.

Ìyá Gbádébọ̀ ni ìyàwó kejì bàbá wọn. Ìjà lé e kúrò nílé, ó kó lọ sí Àgbàdo, ibẹ̀ ló sì kú sí. Gbádébọ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà. Ó gbé òkú ìyá rẹ̀ wá sí Ìkẹ́rẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó dúró tì í lẹ́nu àbáwọlé agbo ilé láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn àgbà ní obìnrin tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, òkú rẹ̀ kì í wọlé mọ́. Dáramọ́lá, àkọ́bí bàbá wọn, jókòó láàrin wọn, kò la ẹnu. Gbádébọ̀ gbé ìyá rẹ̀ padà sí Àgbàdo, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó erùpẹ̀ bò ó. Olórí ẹbí nìkan ló lè pàṣẹ pé kí wọ́n lọ kó egungun rẹ̀ wálé. Ogójì ọdún ni Gbádébọ̀ ti ń dúró de àṣẹ yẹn.

Olórí tó wà níbẹ̀ ti kú lákòókò òjò. Ìrìn náà ku oṣù mẹ́rin, Dáramọ́lá lọ́rọ̀ sì kàn. Bí òun kò bá lè rìn, Gbádébọ̀ ló tẹ̀lé e.

*

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, Gbádébọ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó lè fojú rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó yọ́ kọjá lára fèrèsé kó tó kanlẹ̀kùn, ohun tó rí sì mú un dúró sójú kan.

Dáramọ́lá jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì lé àpótí. Ohun pẹlẹbẹ mẹ́rin, tó rí bí ewé tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, méjì sí ọ̀tún, méjì sí òsì. Okùn tín-ín-rín jáde lára ewé kọ̀ọ̀kan lọ sínú àpótí funfun kan tí kò ju páálí ìṣáná ńlá lọ. Àpótí náà wà lọ́wọ́ Faith, ọmọ Dáramọ́lá tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan l'Adó, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa fi ọwọ́ àti ẹ̀rọ tọ́jú iṣan àwọn tí ara ń ro. Ó fi àtàǹpàkò tẹ nǹkan kan. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ Dáramọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n kàn ń gbọ̀n, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dìde, bíi pé ẹnì kan tí ojú kò rí ń kí wọn.

Dáramọ́lá di ojú, ó mí kanlẹ̀. “Ó ti ń rọlẹ̀,” ó ní. “Uná yẹn ti ń rọlẹ̀.”

Ẹ̀rù ba Gbádébọ̀ dé egungun. Ṣùgbọ́n Faith ti rí òjìji rẹ̀. “Dádì Lékan! Ẹ káàsán sà. Ẹ wọlé, ẹ má dúró sóòrùn.”

Ó wọlé. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá òkúta náà láì tẹ̀ ẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lèyí?” ó béèrè. Ó dọ́gbọ́n jókòó jìnnà sí àwọn okùn náà.

“Usẹ́ ọmọ mi ni,” ni Dáramọ́lá wí, ó sì ń yangàn. “Jókòó dáadáa, kò ní gbé ọ mì.”

Faith ṣàlàyé pé ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá òun, òun ló sì ń ba àwọn iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Ó ní iná bátìrì kékeré ni àpótí náà ń rán gba awọ ara kọjá, kí ó lè dí ọ̀nà tí ìrora ń gbà dé orí. “Kì í wo àìsàn o,” ó ní. “Ìrora nìkan ló ń bá wí. Oògùn àti oúnjẹ tó tọ́ ni yóò mú ṣúgà wálẹ̀.”

Gbádébọ̀ mi orí. Nínú ọkàn rẹ̀, kò gba ẹyọ kan gbọ́. Ṣé wọ́n máa sọ orúkọ oògùn wọn fún ọ̀tá ni?

Faith yọ ohun kékeré mìíràn jáde nínú báàgì. Ó gún bàbá rẹ̀ ní orí ìka, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan yọ, ó sì na bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i. Bébà náà fa ẹ̀jẹ̀ mu fúnra rẹ̀. Gbádébọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i.

“Dádì Lékan, ẹ na ọwọ́ yín wá,” ni Faith wí. “Àìsàn yìí máa ń rìn nínú ìdílé. Ẹ jẹ́ n yẹ tiyín náà wò.”

Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. “Ẹ̀jẹ̀ tèmi? Láyéláyé.” Ó rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ náà lè dàbí àwàdà, ó sì dìde. Kò mu omi tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ tó fi jẹ́ pé ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu.

*

Jẹ́jẹ́ ni obìnrin náà ń jẹ́, orúkọ rẹ̀ sì rò ó. Kò sẹ́ni tó gbọ́ kó gbé ohùn sókè rí. Lójú ọ̀nà Ẹmùrè ló ti ń ṣe epo pupa, nínú oko kan tí ọ̀pẹ ti yí i ká. Ẹni tó bá kọjá á rò pé epo nìkan ló ń tà. Gbádébọ̀ bá a nídìí ìkòkò ńlá, ẹyìn ń hó kùtùkùtù níwájú rẹ̀, èéfín bò ó lójú. Kò ṣẹ́jú.

Ó sọ gbogbo ohun tó rí fún un. Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ tán, ó wá sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Mú ọ̀kan nínú ewé náà wá. Èyí tó ti mu òógùn ẹsẹ̀ rẹ̀.”

Ìyẹn kò le. Nígbà tí Faith padà sí Adó, Gbádébọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì bá a níbi tó ti sùn lọ lórí àga. Oorun ọmọ ọwọ́ ló ń sùn. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ́ kó rí irú oorun bẹ́ẹ̀ sùn. Gbádébọ̀ dúró lé e lórí fún ìgbà díẹ̀, nǹkan kan sì fà á lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó rántí ọkọ̀ akẹ́rù náà. Ó ká ewé rọ́bà kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi í sínú fìlà, ó dé e.

Jẹ́jẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ahọ́n kàn án. “Ó níyọ̀,” ó ní. Ó jẹ́ kí ìkòkò hó dà sílẹ̀. “Àwọn tó ṣe èyí kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Oògùn tí kò lórúkọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ.”

“Ẹ dá a padà fún wọn.”

“Mo gbọ́.”

Ó jù ú sínú iná. Ewé náà ká jọ bí ọ̀kùn tí wọ́n fọwọ́ kàn, ó rùn, ó rú èéfín dúdú kan. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀ èéfín náà yí, ó wá sọ́dọ̀ Gbádébọ̀ tààrà, ó sì bò ó láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn méjèèjì rí i.

Kó tó lọ, Jẹ́jẹ́ sín gbẹ́rẹ́ mọ́kànlélógún sí i lẹ́sẹ̀ fún ààbò. Gbádébọ̀ ti fún eyín pọ̀ de abẹ náà, ṣùgbọ́n kò dùn ún bó ṣe rò. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ara òun ti ń di irin.

*

Ọjọ́ kẹsàn-án ni èèrà dé.

Ìdí ògiri tó máa ń tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé ni wọ́n pé lé. Ilẹ̀ dúdú fún wọn. Ó da kẹrosíìnì lé wọn, wọ́n kú. Ó lọ tọ̀ sí ìdí ìbẹ́pẹ, kí ilẹ̀ tó ṣú, èèrà ti dé ìdí ìbẹ́pẹ. Ibi gbogbo tó bá lọ ni wọ́n ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ. Ta ní rán wọn? Kí ni wọ́n ń wá nínú omi ara rẹ̀? Gbádébọ̀ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, nítorí ó rò pé òun mọ̀.

Lẹ́yìn èèrà, iná. Orí ọmọ ìka ló ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gún un. Ó gun àtẹ́lẹsẹ̀, ó gun ọrùn ẹsẹ̀. Aṣọ ìbora kò ṣeé fi kàn án. Sálúbàtà dàbí ẹ̀gún. Ọkùnrin tó rẹ́rìn-ín lójọ́sí ń fi ẹsẹ̀ nu sìmẹ́ńtì tútù, ó ń sọkún sínú, ó ń sọ pé: “Wọ́n ti dá a padà. Wọ́n ti dá a padà sí mi.”

Abigail ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. “Bàbá Lékan,” ó ní, “láti èṣí ni mo ti ń sọ pé ẹ ń mu omi jù. Ṣòkòtò yín ń jábọ́. Ẹ jẹ́ á lọ bá Faith.”

“Kí n lọ bá ẹni tó ń jó mi níná?”

“Kí ni Faith fi yín ṣe?”

Bó bá dáhùn, yóò ní láti dárúkọ òkúta ẹnu ọ̀nà. Ó jágbe mọ́ ọn, Abigail sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Gbádébọ̀ ti oko dé, Abigail sì figbe ta. Sálúbàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ti gba ọ̀nà oko wálé lásán, ẹrẹ̀ bò ó, ẹ̀gún méjì sì wà nínú rẹ̀. Gbádébọ̀ wo ẹsẹ̀ náà bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Kò mọ ìgbà tí bàtà bọ́. Ó padà lọ wá a títí dé odò, kò rí i.

“Wọ́n ti mú bàtà mi,” ó wí. Ẹni tó bá mú bàtà ènìyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fẹ́.

*

“Uná ni wọ́n fi ń pa uná,” ni Jẹ́jẹ́ wí. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni Gbádébọ̀ fi ń lọ ki ẹsẹ̀ bọ inú eérú gbígbóná nídìí ìkòkò epo. Lójoojúmọ́ ni Jẹ́jẹ́ ń fi igi ro eérú náà, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa ń pariwo. Nígbà tó ṣe, kò pariwo mọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejìdínlógún, ó jí, iná ti lọ.

Kì í ṣe pé ó dín kù. Ó lọ pátápátá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ó dákẹ́, bí ilé tí gbogbo èrò ti jáde lọ. Ó fò sókè lórí ibùsùn, ó gbá ilẹ̀, kò dùn ún. Ó kọrin. Ó wa ogún iṣu fún Jẹ́jẹ́, ó gbé e sórí ọ̀kadà, ó gbé e lọ.

Jẹ́jẹ́ kò wo iṣu. Ó ní kó jókòó, kó na ẹsẹ̀. Ó fi èékánná àtàǹpàkò rẹ̀, tó gùn bí èékánná àwòdì, tẹ ọmọ ìka ńlá Gbádébọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Gbádébọ̀ ń wo ọ̀pẹ lókè, ó ń sọ bí òun yóò ṣe kọ́ ibojì fún ìyá òun. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun.

Obìnrin tí kì í ṣẹ́jú náà ṣẹ́jú. Ó dìde, ó sún sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ nu aṣọ rẹ̀.

“Gbé uṣu rẹ,” ó ní. “Máa lọ ulé. Má padà wá sọ́dọ̀ mi mọ́.”

“Kí ló dé? Ṣebí a ti ṣẹ́gun.”

“Nǹkan ti wọlé sí ọ lẹ́sẹ̀, èmi kọ́ ni mo rán an. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀.” Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n ó gbọ̀n. Gbádébọ̀ rò pé ìlara ni.

*

Ìrìn náà ku ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí Dáramọ́lá wá. Ó wọ bàtà kànfáàsì tó nípọn, ó sì ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó, ó kọ oúnjẹ, ó wo àbúrò rẹ̀ lójú.

“Gbádébọ̀, mi ò ní rìn.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wí?”

“Faith ní n kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ mọ́, ká tó wá sọ àpáta. Ó ní ẹsẹ̀ tó ń jó yẹn, ó ṣì sàn. Èyí tó bá dákẹ́ ló burú. Bó bá ti dákẹ́, kò ní mọ ìgbà tí wọ́n bá ń pa á.” Ó fi ọwọ́ fa irùngbọ̀n. “O rántí ẹsẹ̀ bàbá wa? O rántí àkísà tí wọ́n ń fi wé e?”

Gbádébọ̀ rántí. Ó rántí òórùn rẹ̀ pàápàá. Ọmọ ìka tó dúdú bí èédú, tó já sínú àkísà lọ́jọ́ kan tí bàbá wọn kò sì mọ̀. Wọ́n ní ó tẹ nǹkan lóko.

“Wọ́n parọ́ fún wa,” ni Dáramọ́lá wí. “Àìsàn yìí ni. Ogún tí bàbá wa fi sílẹ̀ nìyẹn, mo sì ti gba tèmi. Ìwọ náà, ara rẹ ti gbẹ. Ìyàwó rẹ sọ ọ̀rọ̀ bàtà fún mi.” Ó yọ ẹ̀rọ kékeré náà lápò, èyí tí ń mu ẹ̀jẹ̀. “Faith kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Fún mi ní ìka kan péré. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́.”

Abigail dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di ọwọ́ mú lórí àyà. Gbádébọ̀ wo abẹ́rẹ́ tó ń dán lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti yé e báyìí. Ẹni tí kò lè rìn mọ́ ló wá gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tó lè rìn. Ìrìn ku ọjọ́ mẹ́ta, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì fi lè dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ gbé e sápò, ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí. “Ẹsẹ̀ mi kò dùn mí rárá. Bí ẹ ò bá ní rìn, èmi á rìn.”

Omi lé sí Dáramọ́lá lójú. Gbádébọ̀ rí i, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó rò pé omijé ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun ni.

*

Oòrùn ọjọ́ náà kò láàánú. Olósùnta ń jó lókèèrè bí ohun tí wọ́n yọ nínú iná. Gbogbo ẹbí pé sí etí àpáta. Bámigbóyè, tó dàgbà jù nínú wọn, tó sì ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀pá rẹ̀ wà láàrin orúnkún. Wọ́n ti gbá láfún kúrò. Ẹnì kan tu itọ́ sórí òkúta, itọ́ náà gbẹ kó tó tàn.

“Bọ́ bàtà,” ni Bámigbóyè wí.

Gbádébọ̀ bọ́ bàtà, ó gun àpáta.

Kò sí nǹkan kan. Ó dà bí ìgbà tó ń rìn lórí òwú. Ó gbé orí sókè, ó fi ojú sí etí àpáta lọ́hùn-ún, ó ń rìn bí ọba. Àlọ kan, àbọ̀ kan. Àwọn obìnrin ń pariwo, “Ó ṣe é!” Ìlọ kejì, ariwo wọn lọ sókè sí i. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kẹrin, àtẹ́wọ́ náà já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, gbogbo wọn dákẹ́.

Ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà. Ó ní ẹ̀rù ọlá òun ló ń bà wọ́n. Ó rí Dáramọ́lá tó dìde, tí wọ́n dì í mú, nítorí ẹnikẹ́ni kì í gun àpáta tí ìrìn kò bá tíì parí. Ó rí Abigail tó fi ìborùn bo ojú. Òórùn kan wá sí i nímú, bí òórùn ẹran tí wọ́n ń sun, ó sì rò pé àwọn alásè ti ń se oúnjẹ oyè. Lẹ́ẹ̀keje, ó dúró níwájú Bámigbóyè. Kò tiro. Kò fajú ro.

Bàbá arúgbó náà fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde. Ohun tí àṣà ní kó sọ ló sọ. “Àpáta ti gbà. Kí ni olórí wa kọ́kọ́ fẹ́?”

“Kí wọ́n lọ gbé ìyá mi wálé láti Àgbàdo,” ni Gbádébọ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì já. Ogójì ọdún tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ń sọkún, kò tijú.

Kò sẹ́ni tó kí i kú oríire. Kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀. Ó tẹ̀lé ojú wọn lọ sẹ́yìn.

Lórí àpáta, láti etí dé etí, ipasẹ̀ pupa ni. Awọ ara lẹ̀ mọ́ òkúta káàkiri bí èèpo iṣu. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè. Àfọ́kù páànù tí wọ́n fi ń rin gbàgúdá, tó ti dípẹtà, wọlé sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dé ìdí. Ó fọwọ́ kàn án. Ó ń wò ó, ó sì ń dúró de ìrora, kò dé.

*

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gún ìka rẹ̀ láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dókítà wo ẹ̀rọ náà, ó tún un gún, bíi pé kò gbà á gbọ́. Wọ́n du ẹsẹ̀ òsì náà fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ọjọ́ kejìlá, dúdú rẹ̀ ti kọjá ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n sì gé e lábẹ́ orúnkún.

Àwọn àgbà kò jẹ́ kó pẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pé ẹlẹ́sẹ̀ kan kì í jẹ olórí ní Ìsàlẹ̀-Àpáta, àti pé àṣẹ tó pa kò múlẹ̀. Wọ́n fi epo wẹ àpáta náà.

Dáramọ́lá ló wá béèrè ohun tí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ náà ṣe, nítorí ilé ìwòsàn ní kí ẹbí wá gbé e. Wọn ò ní gbà á sínú agbo ilé. Gbádébọ̀ yí ojú sí ògiri.

“Ẹ gbé e lọ bá ìyá mi.”

Dáramọ́lá wé e sínú aṣọ òkè tirẹ̀, ó gbé e lé orí itan nínú takisí dé Àgbàdo, ó sì gbẹ́ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, tòun ti bàtà kànfáàsì rẹ̀.

Nígbà tí ojú egbò jinná ni iná náà padà. Kò padà sí ẹsẹ̀ ọ̀tún tó kù. Èyí tí wọ́n gé ló padà sí. Ọmọ ìka márààrún tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀kọ̀ọ̀kan, Gbádébọ̀ sì ń na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n yẹ kó wà, aṣọ ibùsùn nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ń bà. Faith ní irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Ó ní iṣan tí wọ́n gé kì í tètè gbàgbé.

Dáramọ́lá gbé àpótí funfun náà wá. Ó lẹ ewé rọ́bà tuntun mọ́ itan àbúrò rẹ̀, lókè, níbi tí awọ ṣì ti mọ nǹkan, bí Faith ṣe fi hàn án. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ awọ Gbádébọ̀ bí èèrà.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Gbádébọ̀ wí, “abẹ́ òkúta ẹnu ọ̀nà yín…”

“Mo mọ̀.”

Gbádébọ̀ gbé orí sókè.

“Ọ̀sẹ̀ tí o sin ín gan-an ni bíríkìlà wú u jáde. Mo rí aṣọ dúdú, mo jù ú sí ojú àgbàrá. Mo rí ojú ẹsẹ̀ sálúbàtà rẹ nínú erùpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà.” Dáramọ́lá kò wo ojú rẹ̀. “Ẹsẹ̀ mi ti ń jó láti ọdún mẹ́ta kó tó di ìgbà náà. Mo ń fi pa mọ́ nítorí àpáta yẹn. Bí mo bá ti pariwo nígbà náà, ìwọ náà ì bá ti yẹ ara rẹ wò. Mo dákẹ́ lórí rẹ lọ́jọ́ òkú ìyá rẹ, mo tún dákẹ́ nígbà kejì.”

Iná náà gun òkè lẹ́ẹ̀kan sí i láti Àgbàdo, ó gba gbogbo ọ̀nà ọ̀hún wá, ó dé ọ̀dọ̀ Gbádébọ̀. Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

“Ẹ fi kún un,” ó bẹ̀bẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un díẹ̀ sí i.”

Dáramọ́lá fi kún un. Ó tún fi kún un, ó ń tẹ̀ ẹ́ títí àpótí náà fi ké pé ó ti dé òpin, ọwọ́ àbúrò rẹ̀ kò sì tíì dẹ̀ lára tirẹ̀.